Irin Tí Mo Fi Búra Nítorí Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́ o. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn níbi tí ẹ wà, ṣùgbọ́n níbí, àárò yín ń sọ mí. Orí àpótí yín ni mo jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí mo ń kọ ìwé tí kò sí ẹni tó máa bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ yín. Ara Ìyá mi le. Ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bí, ó sì ti ń fa ìjàngbọ̀n pẹ̀lú àwọn aládùúgbò bíi ti àtẹ̀yìnwá. Òrùlé tí ẹ ní ká tún ṣe kí òjò tó dé, a ti tún un ṣe, ó sì ń jò níbi tó ti ń jò tẹ́lẹ̀. Ìròyìn tó rọrùn nìyẹn. Èyí tó kù kò rọrùn, Bàbá, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa ṣí ilé àwọn ọ̀dọ́, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ́kọ́ gbé irin níwájú gbogbo Kétu. Irin yẹn kan náà ni mo fi ahọ́n kàn, tí mo fi búra nítorí yín. Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ rántí pé ìjọba wa tuntun ló rán mi lọ sí Àjàṣẹ́ láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá. Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọjọ́ tí mo wọkọ̀. Ẹ ní ẹ ò tíì gbọ́ ọ rí kí wọ́n rán ọmọ àgbẹ̀ lọ sí ìlú ńlá kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń làágùn. Mo bínú lọ́jọ́ náà, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí i báyìí. Nígbà tí mo padà dé, ẹ ti lọ. Ọyẹ́ ń fẹ́, òkè sàréè yín ṣì pupa. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n kọ́ ilé àwọn ọ̀dọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé, wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún irin gbígbé, wọ́n sì ní kí àwa ará ìlú fúnra wa yan ohun tí a máa fi kún un. Mẹ́tìrì àgbà, ọ̀gá ilé ìwé, ni alága ìgbìmọ̀. Àwọn àgbààgbà kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa mi orí. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tó dára àti èyí tí kò dára.

Ẹni méjì ló gbé ọjà wá. Èkíní ni Mùsé Fẹlísì, oníṣòwò kan láti Kútọnu, tó wọ bàtà funfun wá sórí ilẹ̀ pupa wa. Ó gbé ọ̀pá irin gígùn kan wá, pẹ̀lú àwọn àwo irin tí wọ́n ń kì bọ orí ọ̀pá náà lọ́tùn-ún lósì, tí wọ́n ti da iye kílò mọ́ ara àwo kọ̀ọ̀kan láti ilé iṣẹ́. Èkejì ni Dòsú tó ń mọlé ládùúgbò wa, ẹ mọ̀ ọ́n, òun ló mọ ògiri ẹ̀yìnkùlé wa tó dà bíi pé ó ń tẹ̀ wo ojú pópó. Dòsú da sìmẹ́ǹtì sínú agolo, ó ki páìpù bọ̀ ọ́ láàárín, ó fi ọ̀dà kọ iye kílò sí i. Ilé wa ló ti wọ̀n gbogbo rẹ̀, lórí òṣùwọ̀n yín tí àwọn òyìnbó fi ta yín lọ́rẹ nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù wọn lọ. Ìyá mi ò kọ̀ fún un. Ta ló máa wá òṣùwọ̀n mìíràn lọ nígbà tí ti Bàbá wà nílẹ̀?

Mo dán gbogbo rẹ̀ wò bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo yí ọ̀pá Mùsé Fẹlísì lórí tábìlì Mẹ́tìrì àgbà kí n lè mọ̀ bóyá ó wọ́. Ó yí lọ geere. Mo dì í mú nígbà tí ọwọ́ mi gbẹ, mo sì tún dì í mú nígbà tí mo ti làágùn, nítorí irin tó bá ń yọ̀ lọ́wọ́, ọjọ́ kan ló máa já lé èèyàn lọ́rùn. Mo mi òrùka tó ń de àwo mọ́ orí ọ̀pá, kò mì. Páìpù Dòsú ní tirẹ̀ ti ń tẹ̀ láàárín, mo sì ju agolo kan sílẹ̀, etí rẹ̀ ṣán. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ yan Kútọnu nítorí pé ó ń dán. Bí ti Dòsú bá fọ́, ó lè da òmíràn lọ́la. Bí òrùka Mùsé Fẹlísì bá sọnù, ta ló máa lọ sí Kútọnu nítorí òrùka? Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Mùsé Fẹlísì tún gbé àwọn sípíríǹgì kan wá tí wọ́n ń fà níwájú àyà. Dòsú ní òun fẹ́ dán an wò láìwọ ẹ̀wù, sípíríǹgì sì fi irun àyà rẹ̀ há ẹnu. Igbe tó ké, àwọn obìnrin yọ jáde láti ilé. Mo ní kí Mùsé Fẹlísì dì í padà sínú àpò.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lọ́kàn jẹ́ ni ti Rájí, ọmọ alápatà. Kò sí ọ̀dọ́ tó lágbára tó o ní gbogbo Kétu. Ó wá bá mi ní Àjàṣẹ́ nígbà kan, àwa méjèèjì jọ gbé irin, mo mọ ohun tí apá rẹ̀ lè gbé. Iye kílò tí a gbé níbẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ sára agolo Dòsú. Rájí gbé e dé ìgbáròkó, ó sì ṣubú. Ìdí rẹ̀ ró, mo gbọ́ ọ létí ara mi. Wọ́n ní ààwẹ̀ tó ń gbà ni kò jẹ́ kó lágbára. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ agolo náà fúnra mi, mo sì mọ̀ pé irọ́ wà nínú rẹ̀. Apá mi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ti ń gbé ogún kílò lójoojúmọ́, kò sí bí wọ́n ṣe lè fi ọ̀dà tàn án jẹ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ ni Mẹ́tìrì àgbà ní kí a tó yan ohunkóhun, kí wọ́n lọ gbé òṣùwọ̀n Bàbá wá, ká fi wọ̀n irin Kútọnu. Gbogbo èèyàn ní bẹ́ẹ̀ ni kó rí. Bàbá, inú mi dùn! Inú mi dùn bí ọmọdé. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé òṣùwọ̀n yín kọjá láàárín ọjà, àwọn èèyàn ń dìde fún un bíi pé ẹ̀yin ni ẹ jókòó lé e lórí. Mo rántí yín nílé ẹrù òyìnbó yẹn, níbi tí ẹ ti ń bá wọn wọ̀n èkùrọ́ kí ẹ tó padà sí oko, lójú ọ̀nà Pọ́bẹ̀, pẹ̀lú fìlà yín tó máa ń wọ́ sí ìpàkọ́, tí ẹ ń fi ìka kan ṣoṣo ti irin kékeré tó ń rìn lórí ọ̀pá òṣùwọ̀n. Láti Pánkú, láti Òpómẹ́ta, láti Odómẹ́ta, wọ́n á ru èkùrọ́ wá, wọ́n á kọjá lára òṣùwọ̀n àwọn tó kù láìwo ojú wọn, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n á sọ̀ sí.

Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èènì ni. Gbogbo ayé mọ̀ pé ẹni tó ń tà ló ń fi èènì fún ẹni tó ń rà. Ẹ̀yin nìkan ni mo rí tó dojú rẹ̀ délẹ̀. Bí ẹ bá ti wọ̀n èkùrọ́ obìnrin kan tán, ẹ ó fi igbá fínfín kékeré yẹn bù lára òkìtì òyìnbó, ẹ ó dà á padà sínú agbọ̀n rẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kúnlẹ̀. Èmi náà á máa rẹ́rìn-ín níbi tí mo jókòó sí lórí àpò. Nínú gbogbo ìwà yín, òun ni mo fẹ́ràn jù. Òun àti kókó tí ẹ máa ń ta. Ẹ ó kọ́kọ́ fi ìda oyin pa okùn, ẹ ó yí i sí òsì, ẹ ó yí i sí òsì lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó sì fi ìrù rẹ̀ pamọ́ sínú ara rẹ̀, tí ẹni tó bá fẹ́ tú u yóò kàn máa wá ìrù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Okùn ewúrẹ́ ni ẹ fi kọ́ mi. Ìdì aṣọ kan ṣì wà nínú àpótí Ìyá mi tí ẹ dì, kò lè tú u, kò sì jẹ́ kí n bá òun tú u.

Wọ́n gbé àwo irin Mùsé Fẹlísì lé òṣùwọ̀n. Ogún kílò ni wọ́n dà mọ́ ọn lára. Òṣùwọ̀n ní kò pé. Wọ́n gbé òmíràn lé e, kò pé. Òmíràn, kò pé. Ariwo ta. Mùsé Fẹlísì ń fi aṣọ ìnujú nu ọrùn, ó ń fi àwọn ọmọ rẹ̀ búra. Mẹ́tìrì àgbà na ìka sí i pé, “Òṣùwọ̀n Bàbá kì í purọ́! Olè ni ẹ́!” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí wọ́n pe ṣandáámù, ọlọ́pàá ìjọba. Dòsú ti ń yan káàkiri bí ọkọ ìyàwó, nítorí agolo tirẹ̀ pé géérégé lórí òṣùwọ̀n yẹn, ó sì gbọ́dọ̀ pé, àbí òṣùwọ̀n yẹn kọ́ ló fi dà á? Mo dúró síbẹ̀, mi ò lè pàtẹ́wọ́. Mo ti gbé àwo yẹn. Ogún kílò ni. Mo sì ti gbé agolo yẹn. Ó ju ogún kílò lọ. Bí apá mi ò bá purọ́, ta ló ń purọ́ nígbà náà?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi láyè di ọjọ́ ọjà kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kejì, mo di àwo irin kan sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, mo ní kí nọ́ọ̀sì jọ̀wọ́ bá mi wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n aláìsàn. Ó wò mí bíi pé orí mi ti dàrú, ó wọ̀n ọ́n. Ogún kílò, kò lé, kò dín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò gun kẹ̀kẹ́ padà, mo ń tì í lọ ni. Gbogbo èkùrọ́ tí wọ́n ti rù wá láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, tí ẹ wọ̀n, tí ẹ ní ó tó báyìí báyìí. Gbogbo rẹ̀, Bàbá.

Mi ò purọ́ fún yín, ó wù mí kí n dákẹ́. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Bí mo bá dákẹ́, orúkọ yín dúró bó ṣe wà, Mùsé Fẹlísì á gbé ìtìjú rẹ̀ padà sí Kútọnu, a ó sì ra agolo Dòsú. Ta ni mo mọ̀ ní Kútọnu? Ṣùgbọ́n mo yà lọ kí Rájí. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ìyá rẹ̀ ló ń bá a yí ara padà. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni pé ọ̀lẹ ni òun. Mo rí àwọn ọmọ yòókù tó máa wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ agolo wọ̀nyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìgboyà. Mi ò lè ṣe é.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, ọgbà ilé ìwé kún. Àwọn tó ti Òpómẹ́ta àti Odómẹ́ta wá ná ọjà ti gbọ́ pé wọ́n mú olè kan láti Kútọnu, wọ́n wá wòran. Mo dìde, mo sọ fún wọn pé irin náà pé, mo sì sọ ibi tí mo ti wọ̀n ọ́n. Mo ní òṣùwọ̀n yìí ló ń jẹ nínú ohun tí a bá gbé lé e, pé òun ló jẹ́ kí agolo Dòsú wúwo ju ohun tí wọ́n kọ sí i lọ, òun ló sì ṣe ìdí Rájí léṣe. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin Odómẹ́ta kan, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, dìde lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ó ní, “Ọmọ yìí, o ṣeun. Ta ló wá dúró lẹ́yìn òṣùwọ̀n yìí títí a fi darúgbó?”

Háà, Bàbá. Ara mi gbóná. Àwọn kan ti ń kùn, mo gbọ́ orúkọ yín nínú kíkùn náà, mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mi ò ní kọ sínú ìwé yìí. Mo ní òyìnbó ló ṣe é, pé bàbá mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló fà á. Ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ inú mi. Mo fa ọ̀kan nínú àwọn àwo irin náà, mo gbé e dé ẹnu, mo fi ahọ́n kàn án níwájú gbogbo wọn. Mo ní bí bàbá mi bá mọ̀ nípa irọ́ inú òṣùwọ̀n yìí, kí irin má mọ̀ mí lọ́mọ mọ́. Èmi, tí mo ń gba ara Olúwa lọ́jọ́ Ìsinmi! Katikísì ṣọ́ọ̀ṣì wa wà níbẹ̀, ó bojú. Ṣùgbọ́n ní Kétu, ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá ti rí ahọ́n lára irin, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó fi irin búra, tó tún jẹ́ pé irin ló fi ń jẹun, ta ló tún fẹ́ bi í ní ìbéèrè?

Ìyá Àjọkẹ́ ló tú gbogbo wa sílẹ̀, ìyá arúgbó Òpómẹ́ta yẹn tó máa ń pè yín ní ọkọ òun. Ó ní, “Ẹ jókòó, ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí. Ẹni tó ru ẹrù ni kò mọ̀ bó ṣe wúwo ni? Ọrùn wa ti mọ̀ láti ìgbà náà. Gbogbo òṣùwọ̀n òyìnbó ló ń jalè. Èwo nínú wọn ló ń fún yín ní èènì?” Ọkùnrin Odómẹ́ta náà wo ilẹ̀, ó sì jókòó. Wọ́n tú Mùsé Fẹlísì sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, wọ́n fún un ní ẹmu. Wọ́n yan irin Kútọnu. Dòsú pàápàá gbà, wọ́n ní òun ni kó da ilẹ̀ yàrá náà, kó dà á nípọn. Mẹ́tìrì àgbà ní èmi ni mo máa kọ́kọ́ gbé irin lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣí i, nítorí pé èmi ni mo fọ orúkọ irin àti orúkọ bàbá mi mọ́ lọ́jọ́ kan náà. Mo sunkún. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni, ó sì jẹ́ ayọ̀.

Ibi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn. Kí ló wá gbé mi dé ìdí òṣùwọ̀n yẹn? Wọ́n ti gbé e padà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní, níwọ̀n bí àwo irin tó pé ti wà lọ́wọ́ mi, kí n fi tún un ṣe, kí àwọn ọ̀dọ́ lè máa fi wọ̀n ara wọn. Ọ̀sán gangan ni, Ìyá mi ń bu omi lọ́wọ́ nínú ìkòkò. Mo yọ irin kékeré tó ń rìn lórí ọ̀pá rẹ̀, èyí tí ẹ máa ń fi ìka kan ṣoṣo tì. Abẹ́ rẹ̀ ní ihò. Mo fi ìka mi sínú ihò náà, mo bá òjé kan níbẹ̀, tó tó ẹyìn ọ̀pẹ kékeré kan. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ inú rẹ̀. Ìka mi kan ìda. Kí ojú mi tó rí i ni ìka mi ti mọ̀. Ó yí sí òsì, ó tún yí sí òsì, ìrù rẹ̀ sì wà nínú ara rẹ̀.

Ìka mi tú u láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Ẹ kọ́ mi dáadáa.

Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ so ó. Mo ti gbìyànjú kí n rí ọ̀nà mìíràn, kò sí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òjé wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Ìyá mi yọjú láti ibi ìkòkò, ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó sì padà wọlé. Títí di òní, kò tíì sọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀. Òun náà mọ̀, àbí? Kí ni gbogbo ilé yìí mọ̀ tí èmi nìkan ò mọ̀, tí mo fi jáde lọ fi ahọ́n kan irin? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ṣé òyìnbó náà ló gbé òjé lé yín lọ́wọ́ tó ní kí ẹ so ó? Ṣé ó dúró lé yín lórí nígbà tí ẹ ń fi ìda pa okùn? Àbí ẹ̀yin ni ẹ rò ó fúnra yín? Ṣé nítorí ilé ìwé mi ni, kí wọ́n má baà lé yín kúrò lẹ́nu iṣẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ nítorí ilé ìwé mi. Mo kọ́ ìwé dé Àjàṣẹ́, mo sì padà wá fi ìmọ̀ náà tú kókó yín. Igbá fínfín yẹn ńkọ́? Ẹ̀rí ọkàn ni, àbí ọgbọ́n ni, kí wọ́n má baà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn? Nígbà tí wọ́n ń kúnlẹ̀ fún yín, kí ni ẹ ń rò? Mo bínú sí yín tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè jẹun. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ẹ kì í jẹun yó, kí ẹ lè ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi, inú tó ń bí mi á sì tún yí padà di ẹkún. Mi ò mọ èwo ni kí n mú.

Igbá náà ṣì wà lára ògiri níbi tí ẹ fi í kọ́ sí. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lánàá, mo fi èkùrọ́ kún un títí dé ẹnu. Òṣùwọ̀n ti tọ́ báyìí, òjé ti kúrò nínú rẹ̀. Mo kàn lè gbé igbá náà lé e, kí n mọ̀ bóyá ohun tí ẹ ń dá padà tó ohun tí òjé ń mú. Mo dúró tì í pẹ́. Mo da èkùrọ́ náà padà sínú àpò, mi ò wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rù bà mí pé ó lè má tó. Ẹ̀rù tún bà mí pé ó lè tó géérégé, nítorí bó bá tó, á jẹ́ pé ẹ ti fara balẹ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ti dé tán. Wọ́n ti fi imọ̀ ọ̀pẹ di ẹnu ọ̀nà ilé àwọn ọ̀dọ́, Dòsú ti da ilẹ̀ rẹ̀ tán, ó sì tẹ́jú, ó yà mí lẹ́nu. Wọ́n ti ra ẹ̀wù tuntun fún mi. Rájí ti ń fi ọ̀pá rìn, ó ní òun gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìyá Àjọkẹ́ ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ láti Òpómẹ́ta wá wo ọmọ ọkọ òun. Wọ́n fẹ́ kí n gbé irin yẹn sókè kọjá orí mi. Ẹ gbọ́, kì í ṣe pé mo gbà pé irin á já lé mi lórí nítorí ìbúra. Mo gbà á díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé ó lè máà já, kí n gbé e sókè, kí n sọ ọ́ kalẹ̀, kí wọ́n pàtẹ́wọ́, kí n sì máa kọ́ ọmọ wọn láti ọjọ́ náà lọ pé irin kì í purọ́.

Mo ti pinnu, Bàbá, ẹ foríjì mí. Mi ò ní fọwọ́ kan irin kí n tó sọ̀rọ̀. Màá sọ fún wọn pé mo búra lórí ohun tí mi ò mọ̀, pé ìbúra mi kò dúró, pé ọwọ́ bàbá mi ló so ó. Bí wọ́n bá ní kí ẹlòmíràn gbé irin, kó gbé e. Bí wọ́n bá ní kí n má kọ́ ọmọ wọn mọ́, màá padà sí oko. Mi ò ní dá yín lẹ́jọ́ níwájú wọn, mi ò sì ní gbè yín. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe méjèèjì, ẹ̀yin lẹ bí mi, ẹ bá mi mú ahọ́n mi dúró.

Mo ti kó ohun méjèèjì sínú àpò tí mo máa gbé lọ. Ìyá Àjọkẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ bá, nítorí ọrùn rẹ̀ ló rù ú. Màá fi igbá yín sí ọwọ́ rẹ̀ kan, pẹ̀lú èkùrọ́ nínú rẹ̀ dé ẹnu bí ẹ ṣe máa ń bù ú. Màá fi òjé náà sí ọwọ́ rẹ̀ kejì. Lẹ́yìn náà, màá jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n wọ́n.

Ẹ sùn re, Bàbá. Mo ṣì fẹ́ràn yín, bí mo tilẹ̀ ń bínú.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ fi ewúrẹ́ kọ́ ní kókó títa.